Wọ́n gbà mí sí láàbù kan ní Ọ́síríà, SIWES sì ń dúró dè mí nílé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́_Máíkíró

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ipele 300 ni mo wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá níbí, máíkíròbáyọ́lọ́jì ni mò ń kà. Nínú oṣù Kìíní ni mo fi ìwé ránṣẹ́ sí ibùdó ìwádìí kan lẹ́bàá Vienna, ní Ọ́síríà, pé mo fẹ́ wá ṣiṣẹ́ nínú láàbù wọn ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, torí ta ló máa gbà mí? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ímeèlì wọlé. Wọ́n gbà mí! Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni, láti ìparí oṣù Kẹfà. Ilé wà, owó oṣooṣù wà, wọ́n sì ní tí mo bá ti dé, àwọn á dá owó ọkọ̀ òfuurufú padà fún mi.

Ayọ̀ ọ̀hún ò tíì rọlẹ̀ tí wàhálà fi dé. SIWES wa, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, máa bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Keje. Ẹni tó ń bójú tó o ní dípátímẹ́ǹtì wa ní tí n kò bá bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe é, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ni màá bá ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Pásípọ́ọ̀tù, n ò ní. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á dá owó rẹ̀ padà, ta ló fẹ́ kọ́kọ́ rà á? Tíṣà ni bàbá mi, ìyá mi ń ta ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá ní kí n fi ti Ọ́síríà sílẹ̀, kí n dúró de Amgen tàbí REU, àwọn ètò ìwádìí ẹ̀ẹ̀rùn ti Amẹ́ríkà, lọ́dún tó ń bọ̀, pé ìyẹn ló lówó lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn ín rí, kí ni kí n kọ́kọ́ mú?

BàbáFísíìsì

Oríire ńlá! Pásípọ́ọ̀tù ni kó o kọ́kọ́ gbá mú, lónìí, kì í ṣe lọ́la. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wàá ti kọ fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ náà ni wàá ti sanwó, kó o tó lọ ya fọ́tò kó o sì tẹ̀ka. Kí orúkọ tó wà lórí NIN rẹ bá ti ìwé ilé ìwé rẹ mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há. ₦50,000 ni olójú ewé 32.

Tíkẹ́ẹ̀tì náà, tètè rà á nísinsìnyí tí kò tíì wọ́n.

Ìyá Ìbejì

₦50,000 kẹ̀? Ìyẹn ti di ìtàn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, ₦200,000 ni olójú ewé 64 ọlọ́dún mẹ́wàá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san án fún àwọn ọmọ mi ni, kò tíì kúrò lára mi. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, gba èyí tó kéré, tó o bá dolówó wàá gba ńlá. Má sì fún àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ dá mi lóhùn: irú ilé wo ni wọ́n ń fi àwọn ọmọ yìí sí? Ṣé tọkùnrin tobìnrin ló ń sùn pọ̀ ni? Ká ní èmi ni ìyá rẹ̀, ohun tí màá kọ́kọ́ bi í nìyẹn.

Ìdòwú_Vienna

Bàbá Físíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó gba físà. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ ńkọ́? Ìwé tó fi hàn pé ó ti bá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fi àyè sílẹ̀ ni ẹ́ḿbásì ń wò, kì í ṣe pé ó ti sanwó. Màá padà wá kọ nípa físà lálẹ́, mo wà níbi iṣẹ́.

Ṣèyí_Houston

Ẹ má bínú sí mi, ẹni tó ní kí ó dúró de REU yẹn ò mọ̀ ọ́n. Owó National Science Foundation, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó lé ìwádìí, ni wọ́n fi ń ṣe REU láti 1987. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní gíríìnkáàdì ni wọ́n ń ná owó ọ̀hún lé lórí. Amgen ti Amẹ́ríkà náà, bákan náà, o sì gbọ́dọ̀ máa kàwé ní yunifásítì ibẹ̀. Amgen ti Yúróòpù, àfi kí yunifásítì rẹ wà lórílẹ̀-èdè tó bá wọn fọwọ́ sí Bologna, àdéhùn tí wọ́n fi mú ètò yunifásítì wọn bára mu. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. RISE, ètò ìwádìí ẹ̀ẹ̀rùn ti àjọ DAAD ní Jámánì, àwọn tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland ló wà fún. Àbúrò, tó o bá fi ti ọwọ́ rẹ sílẹ̀ torí ìwọ̀nyẹn, òfo ni.

Mo mọ̀ torí èmi náà ṣe REU. Houston ni wọ́n bí mi sí, Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí mi ti wá. Nígbà tí mo sọ fún màámi pé inú láàbù ní ìpínlẹ̀ míì ni mo ti fẹ́ lo ìsinmi, wọ́n ní ṣé iṣẹ́ ti tán ní Houston ni. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n á máa sanwó fún mi ni wọ́n dákẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé mò ń lọ di dókítà. Eṣinṣin ni mo lọ kà nínú ìgò.

Ọlọ́mọge_Okinawa

Mo kí ọ, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn, ẹ fara dà á.

Ohun tí Ṣèyí sọ dájú, àwọn ilẹ̀kùn yẹn ti pa dé sí wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣí sílẹ̀ wà, tí wọn kì í wo irú pásípọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ ẹni. Yunifásítì ìwádìí OIST wà ní Okinawa, ní Jàpáánì, níbi tí èmi lọ. Ibùdó ìwádìí ISTA wà ní Klosterneuburg lẹ́bàá Vienna, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni tiwọn. Ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ti Vienna BioCenter wà fún àwọn tó ń kà nípa ohun ẹlẹ́mìí. Yunifásítì KAUST ní Sáúdí ń gba èèyàn fún oṣù 3 sí 6, wọ́n ń san dọ́là 1,000 lóṣù, ilé àti tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè GPA 3.5 nínú 4, kí ẹni tó wà lórí 5 lọ ṣírò tirẹ̀ dáadáa. CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní Geneva, wà fún àwọn oní-físíìsì, oní-kọ̀ǹpútà àtàwọn ẹnjiníà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń gbà. Kò sí èyí tó ń gba owó fọ́ọ̀mù nínú wọn. Ẹni tó bá ní kó o san owó kí o tó ṣe ìwádìí ẹ̀ẹ̀rùn, olówò ni, tàbí olè.

Màmá Ìbejì, ní tèmi, yàrá tèmi nìkan ni, a kàn jọ ń lo ilé ìdáná ni. Kí Àbẹ̀kẹ́ béèrè tiwọn nínú ímeèlì, wọn ò ní bínú.

Inú láàbù gan-an ni mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa. Nílé níbí, pípẹ́ẹ̀tì kan, ohun tí wọ́n fi ń fa omi díẹ̀díẹ̀, ni gbogbo wa pagbo yí ká, àwọn tó wà níwájú ló ń rí nǹkan. Lọ́jọ́ kìíní tí mo débẹ̀, wọ́n kó pípẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lé mi lọ́wọ́, wọ́n ti lẹ orúkọ mi mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà mí gidi. Akẹ́kọ̀ọ́ PhD ọmọ Íńdíà tó ń tọ́ mi kò bi mí pé ṣé mo mọ̀ ọ́n lò. Ó gbé omi lásán àti òṣùwọ̀n síwájú mi, ó ní kí n máa fa mikirólítà 100, kí n máa dà á sórí òṣùwọ̀n, títí yóò fi máa jẹ́ mílígíráàmù 100 ní gbogbo ìgbà. Gbogbo ọ̀sán la fi ṣe ìyẹn. Mo rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò, àfi ìgbà tí PCR mi, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, ń jáde tí ti ẹlòmíì kò jáde ni mo tó mọ ohun tó fún mi.

Wọn kì í fi ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ohunkóhun tó bá wọ inú fíríísà tó tutù dé 80 nísàlẹ̀ òdo gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni, ọjọ́, àti ohun tó jẹ́. Èyí tí kò bá ní, ọjọ́ ìmọ́tótó ni wọ́n ń dà á nù, ì báà jẹ́ iṣẹ́ oṣù kan. Ìwé tí ò ń kọ iṣẹ́ sí, ti láàbù ni. O ò ní gbé e lọ sílé.

Lọ́jọ́ ìpàdé, akẹ́kọ̀ọ́ kan wo ojú ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní ohun tó sọ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Mo bojú wolẹ̀, mo ń retí pé kí wọ́n lé e jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Gbé dátà rẹ wá." Wọ́n wò ó, ó tọ̀nà, wọ́n bọ́ sí èyí tó kàn. Kò sí ìjà. Orúkọ ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà. Ẹnu tèmi ò gbà á láé, "Prof" ni mo pè é títí mo fi kúrò, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n fi tọ́ wa. Tó o bá dákẹ́, wọ́n á gbà pé gbogbo ẹ̀ ti yé ọ, wọ́n á sì fi ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè kì í ṣe àrífín lọ́dọ̀ wọn.

BàbáFísíìsì

Mo gba ti tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kún ti CERN: kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. O gbọ́dọ̀ ti parí ó kéré tán ọdún mẹ́ta ní yunifásítì kí ẹ̀ẹ̀rùn náà tó dé, o ò sì gbọ́dọ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ PhD. Nínú oṣù Kìíní ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kà á nínú oṣù Kẹrin tó ní òun fẹ́ lọ lọ́dún yìí ti pẹ́.

Kàlẹ́ńdà wa àti tiwọn kì í sì í bára mu. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, àárín sẹ̀mẹ́sítà tiwa ni. Lọ́dún 2022 tí ASUU yanṣẹ́ lódì láti oṣù Kejì di oṣù Kẹwàá ni èmi ráyè lọ sí láàbù kan ní Jámánì. Ká ní ilé ìwé ṣí ni, n ò bá má lọ. Àbẹ̀kẹ́, ìgbà wo ni ìdánwò yín? O ò dárúkọ rẹ̀.

Kúnlé_Mòníyà

Èmi ò bá yín sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Gbogbo èèyàn ń pariwo Vienna, Vienna. IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Ìbàdàn láti 1967, àwọn ará ìlú òkèèrè ń fò wá síbẹ̀ wá ṣèwádìí ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe SIWES tèmi. Iná kì í lọ, ohun èlò pé, oṣù mẹ́fà gbáko ni mo lò, mo mọ bí wọ́n ṣe ń yọ DNA nínú ewé ẹ̀gẹ́ láìwo ìwé. Oní-máíkíròbáyọ́lọ́jì sì ni Àbẹ̀kẹ́! Láàbù ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ló kọ́kọ́ ka jínóòmù kòrónà, ìyẹn gbogbo àkójọ àbùdá rẹ̀, nílẹ̀ Áfíríkà, oṣù Kẹta 2020. Ẹdẹ o, kì í ṣe òkè òkun. Kí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá fẹ́ kọ́ ọ? Ìgbà tó o bá fi mọ ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà, wọ́n ti ń kí ọ pé ó dàbọ̀.

Ọlọ́mọge_Okinawa

Kúnlé, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kò tó ṣe iṣẹ́ tó parí. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ lọ parí nǹkan. Ohun tí ò ń lọ gbà ni pé kí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ rí bó o ṣe ń ronú, kó sì lè kọ lẹ́tà tó ní ẹran lára nípa rẹ. Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ fún wa nílé níbí, "ọmọ dáadáa ni, ó ń wá sí kíláàsì lásìkò." Ta ni ìyẹn fẹ́ gbà wọlé? ISTA àti OIST ń gba ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́ tààrà sí PhD, láìgba Másítà. Tí ẹni tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ bá wá sọ pé òun mọ̀ ọ́...

Ẹni tó bá lè rí Ẹdẹ kó lọ Ẹdẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Vienna.

Kúnlé_Mòníyà

Mo gbọ́. Kó ṣe méjèèjì nígbà náà. Ohun tí mo kórìíra ni ká máa ṣe bí ẹni pé kò sí láàbù nílẹ̀ yìí.

Tíṣà_Àgbà

Ẹ kú ìjíròrò. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì kan, mo sì ti bójú tó SIWES ní dípátímẹ́ǹtì wa rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé.

Ẹni tó sọ fún ọ pé kò ṣeé ṣe lè má purọ́, ó lè jẹ́ pé kò tíì rí i rí ni. Ohun tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá SIWES sílẹ̀ fún ní 1973 ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú rí iṣẹ́ tó ń kà nínú ìwé. Ìṣòro tiwa ni ìwé ìjẹ́rìí: ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí logbook rẹ, ìwé tí ò ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, olùkọ́ kan sì gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ ọ́ wò níbi iṣẹ́. Ta ló fẹ́ wá bẹ̀ ọ́ wò ní Vienna? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń takókó.

Bí mo ṣe fẹ́ kó o ṣe é nìyí. Má ṣe padà lọ bá ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀ fún ọ lórí ìdúró. Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ lẹ́tà sí HOD, olórí dípátímẹ́ǹtì yín, kó gba ọwọ́ ẹni náà kọjá, kó má bàa rò pé o fò ó lórí. So lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ mọ́ ọn. Bẹ ọ̀gá láàbù tó o ń lọ kó kọ ojú ìwé kan, orí ìwé tó ní àmì ilé iṣẹ́ wọn, nípa iṣẹ́ tí wàá ṣe ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ pé òun yóò máa fọwọ́ sí logbook. Dábàá pé olùkọ́ tó yẹ kó bẹ̀ ọ́ wò lè bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ lórí Zoom. Kó o tó sọ gbogbo ìyẹn tán, sọ pé tó o bá dé ní oṣù Kẹsàn-án, wàá fi àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù kún un ní láàbù kan nílé níbí. Ibẹ̀ ni Ẹdẹ tàbí IITA ti Kúnlé ní Mòníyà ti máa wúlò, tàbí NIMR, ibùdó ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba ní Yaba.

Mi ò ṣèlérí pé wọ́n á gbà. Ní dípátímẹ́ǹtì wa, a gbà á fún ẹnì kan, a kọ̀ ọ́ fún ẹlòmíì tó jẹ́ pé ìgbà tó ti dé òkè òkun tán ló wá ń kọ lẹ́tà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ó bí wa nínú, kí n má tàn ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ọlọ́mọge sọ pé àwa ni a máa ń kọ "ọmọ dáadáa ni". Àwọn tó ń wá gba lẹ́tà lọ́dọ̀ mi pọ̀ bíi kí nǹkan, nọ́ńbà matiríkì nìkan ni mo fi mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ́tà gidi kó wá jókòó sí ọ́fíìsì mi kó tó di ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ń pa dé.

Jàǹkárà

Ẹ̀ ń fi logbook da ara yín láàmú. Ọmọ tó bá ti wọ Yúróòpù, kí ló fẹ́ padà wá ṣe? Débẹ̀, wá ibi kan sá pamọ́ sí, nǹkan á máa ṣe é lọ. Èèyàn mélòó ló rí àǹfààní yìí?

Ìyá Ìbejì

Ẹnu rẹ ò ní bu àwọn ọmọ wa o! Sá pamọ́ sí abẹ́ ta?

Ìdòwú_Vienna

Jàǹkárà, mo ń gbé ìlú ọ̀hún, mo sì mọ àwọn tó ṣe ohun tí ò ń sọ yẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, wọn ò lè bi ọ̀gá léèrè owó tí kò bá san, torí wọn ò níwèé. Ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, tí ilé ìwádìí fi orúkọ pè, o ní kó lọ máa fara pa mọ́? Kó padà lọ gba dìgírì rẹ̀, kó gba iwájú ilé wọlé. Láàbù tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì ti já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, orúkọ ilé ìwé ọmọ yẹn ni wọ́n á máa wò nígbà tí ọmọ míì láti ibẹ̀ bá kọ̀wé.

Ó yá, físà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kò tó 90 ọjọ́, nítorí náà ó jọ ti Schengen ìgbà kúkúrú, físà kan tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ṣùgbọ́n owó oṣooṣù tí wọ́n ń fún ọ lè mú kí òfin kà á sí iṣẹ́, irú físà náà á sì yí padà. Má ṣe dá a rò, má sì bi àwọn WhatsApp. Kọ̀wé sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ibùdó náà: "Irú físà wo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń gbà wá sọ́dọ̀ yín, ìwé wo lẹ sì máa fún mi?" Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Tó bá jẹ́ Schengen, o lè kọ̀wé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó pẹ́ tán ọjọ́ 15 ṣáájú. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń dáhùn, ó sì lè di 45. Má dúró dé òpin, torí ọjọ́ ìpàdé fúnra rẹ̀ ṣòroó rí. Adójútòfò ìlera tó lè san ó kéré tán yúrò 30,000 tí àìsàn bá dé ni wọ́n ń béèrè. Owó físà jẹ́ yúrò 90.

Ṣèyí_Houston

Ẹ̀gbọ́n Ìdòwú, ẹ jẹ́ kí n tún ìyẹn ṣe díẹ̀. Òfin físà Schengen yọ̀ǹda owó yẹn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ tàbí gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ̀ torí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta kò san án.

Ìdòwú_Vienna

O ṣeun, òótọ́ ni. Kó rí i pé lẹ́tà ibùdó náà sọ ọ́ kedere pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ń bọ̀ wá gbà. Ṣùgbọ́n owó ilé iṣẹ́ tó ń bá ẹ́ḿbásì gba ìwé, ìyẹn kò sí ìyọ̀ǹda rẹ̀, á san án.

Àbẹ̀kẹ́_Máíkíró

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kà gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bàbá mi náà sì ti kà á. Ìdánwò wa á parí ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹfà, tí wọn ò bá tún sún un. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù. "Abeke" ni NIN fi orúkọ mi sí, "Abeeke" ni WAEC, nítorí náà mò ń lọ tún ti NIN ṣe ní ọjọ́ Ajé. Mo ti kọ lẹ́tà sí HOD bí Tíṣà Àgbà ṣe sọ, ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀ fún mi ti fọwọ́ sí i pé òun rí i, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì ni n ò tíì mọ bí màá ṣe ṣe é. Ṣé kí bàbá mi lọ yáwó ní kọpurétíìfù?

Ọlọ́mọge_Okinawa

Má yáwó kankan! Kọ̀wé sí wọn, má fi bò. Sọ pé, "Owó tíkẹ́ẹ̀tì yìí ju agbára ìdílé mi lọ, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibùdó yín lè rà á tààrà dípò kí ẹ dá a padà?" Ọ̀pọ̀ àwọn ibùdó báyẹn ní ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò tí wọ́n ń lò, wọ́n kàn fi "dídá padà" sínú ìwé torí àwọn ọmọ Yúróòpù tí tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn kò ju owó ọkọ̀ ojú irin lọ ni wọ́n ń rò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Béèrè bákan náà bóyá wọ́n lè san apá kan owó oṣù àkọ́kọ́ ní ọjọ́ tó o bá dé, torí àkáǹtì báńkì níbẹ̀ lè pẹ́ kó tó ṣí.

Tíṣà_Àgbà

Kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyẹn ti dára. Padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí i, má béèrè nǹkan kan. Kó kàn rí ojú rẹ.

Àbẹ̀kẹ́_Máíkíró

Wọ́n ti dáhùn! Àwọn á ra tíkẹ́ẹ̀tì náà fúnra wọn tí físà bá ti jáde, kí n kàn fi ojú ewé àkọ́kọ́ pásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́. Yàrá tèmi nìkan ni, Màmá Ìbejì, kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn. HOD ní òun máa gbé ọ̀rọ̀ SIWES lọ sí ìpàdé ní Ọjọ́rú. Láti ìsinsìnyí ni ìyá mi ti ń bi mí pé kí ni màá máa jẹ níbẹ̀. Wọ́n ti ń sá ẹran, wọ́n ní àwọn á dì í fún mi pẹ̀lú gàrí àti pọ̀nmọ́.

Ìdòwú_Vienna

Sọ fún wọn kí wọ́n jọ̀ọ́ dá ẹran dúró. Ẹran, pọ̀nmọ́, kílíṣí, wàrà, kò sí èyí tí wọ́n gbà kí èèyàn kó wọ Yúróòpù láti ilẹ̀ wa. Ní pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti máa gbà á, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé ọ. Ẹja gbígbẹ kò burú, wọ́n gba tó kílò 20. Gàrí àti èlùbọ́, kó dì wọ́n sínú ọ̀rá tó dára, kó kọ ohun tí ó jẹ́ sí i lára, torí ìyẹ̀fun tí kò lórúkọ máa ń mú kí wọ́n tú báàgì. Ata gbígbẹ, kó lọ̀ ọ́ kúnná. Ìyókù, àwọn ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà wà ní Vienna, ó kàn wọ́n díẹ̀ ni. Ohun tó yẹ kó o rántí ni pé ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kì í ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi níbẹ̀. Tó o bá dé lọ́jọ́ Ìsinmi láì ní oúnjẹ lọ́wọ́, omi ẹ̀rọ lo máa mu di ọjọ́ Ajé.

Ìyá Ìbejì

Kílò 20 ẹja! Ìyá Àbẹ̀kẹ́ máa wá mi wá sí ọjà Bódìjà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn. Kí ó fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi ní àpótí, kì í ṣe níwájú gbogbo èèyàn níbí o.